Ta ló sọ fún mẹ́gáàdì?

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ò ralẹ̀, mi ò ra mọ́tò, kóòdù Linux kernel (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) táwọn ẹlòmíì kọ ni mo ń yẹ̀ wò látoṣù kìíní, àgàgà ibi page table, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn page (abala kéékèèké inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà), níbi tí wọ́n ti ń sọ pé page yìí kíkà nìkan ni, èyí ṣeé kọ nǹkan sí. Lórí x86-64, irú processor Intel àti AMD, bit 1 (bit ni ẹyọ kan tó ń jẹ́ 0 tàbí 1) ló ń sọ bóyá ó ṣeé kọ nǹkan sí, bit 63 lókè pátápátá ló ń ní kí kóòdù kankan má ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bit lásánlàsàn, àmọ́ ojú mi rí nǹkan.

Lóṣù kẹrin, patch (àtúnṣe kóòdù) kan wọlé, ìlà mẹ́ta péré, ó fi ptep_set_wrprotect gba àṣẹ ìkọ̀wé lọ́wọ́ àwọn page kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ sí i, mo lọ jẹ ẹ̀bà mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹnì kan ní page tí a ti tì pa ṣì ń gba ìkọ̀wé, nígbà míì ṣá o, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a kí n tó rí i pé a ò flush TLB, ibi tí processor ń rántí àṣẹ page sí, ìyẹn ni pé a ò nu ti àtijọ́ kúrò! Ó dà bíi pé alága ẹ́stéètì ti pa orúkọ ẹ rẹ́ nínú ìwé, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mẹ́gáàdì, mẹ́gáàdì ṣì dá ẹ mọ̀, ó ń ṣí géètì, ó tún ń kí ẹ ní ọ̀gá. Core kọ̀ọ̀kan nínú processor ló sì ní mẹ́gáàdì tiẹ̀, gbogbo wọn lẹ máa sọ fún. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi àṣẹ kún un ni, kò le, fault asán kan (processor á kàn ké sí kernel lásán) lè wáyé, ó tán. Gbígbà á padà ni wàhálà wà.

Ojú tì mí gan-an. Dirty COW, àlébù ààbò kan tó ń jẹ́ kéèyàn kọ nǹkan sí fáìlì kíkà nìkan, ni mo rántí tọ́kàn mi fi balẹ̀ díẹ̀, látọdún 2007 ló ti wà nínú kernel, 2016 ni wọ́n tó tún un ṣe, gbogbo àgbà ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá.

Shadow stack, ẹ̀dà ìpamọ́ àwọn àdírẹ́sì tí function máa padà sí, tó wọ Linux 6.6 ní 2023 náà fọ́ mi lórí, jàre. Page tí ò ṣeé kọ nǹkan sí tí bit Dirty ẹ̀ (tó ń sọ pé wọ́n ti kọ nǹkan sí i) tún wà ní 1, òun ni Intel ní ó jẹ́ shadow stack, bẹ́ẹ̀ kernel ti ń ṣe irú ẹ̀ tipẹ́ lẹ́yìn fork (tí ètò kan bá dá ẹ̀dà ara ẹ̀), wọ́n wá ní láti wá bit míì tí wọ́n á máa gbé Dirty pamọ́ sí. Àfìgbà tí mo yà á sórí bébà ló tó yé mi.

Ní báyìí, tí mo bá ti rí wrprotect, mi ò ka nǹkan míì, flush ni mo kọ́kọ́ ń wá, tí mi ò bá rí i, ìbéèrè kan náà ni mo ń kọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àbúrò kan fi v3 (ẹ̀dà kẹta patch ẹ̀) ránṣẹ́, flush_tlb_range wà níbẹ̀ gbàgàdà, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún gbogbo wọn o."