Nọ́ńbà tí ó wà láyà ọmọ mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, obìnrin kan tí ó jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà pápá kọ 47 sórí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọbìnrin mi láyà. Kò béèrè ju orúkọ lọ, nítorí pé bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń fún un ní nọ́ńbà, àwa sì pẹ́ kí a tó dé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Àwọn ọmọ tí mo kà lórí pápá lé ní 60. Àyè 18 ni ó wà, gbogbo òbí tí ó dúró lẹ́bàá ọgbà ni ó sì mọ̀ pé bí ìdajì nínú rẹ̀ ti ní ẹni tí ó ni ín kí ọmọ kankan tó wọ bàtà. Kóòṣì mẹ́ta ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, nọ́ńbà ni wọ́n sì ń kọ, wọn kì í kọ orúkọ.

Maryland ní Amẹ́ríkà ni a ń gbé, ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí sì wà nínú ECNL, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní 2009. Ní 2017, U.S. Soccer, àjọ tí ó ń darí bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, dá ìdíje tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n pè ní Girls' Development Academy, wọ́n pa á tì ní oṣù Kẹrin 2020, ìdíje mìíràn, Girls Academy, sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ohun tí ó ń fa àwọn òbí lọ sí irú àwọn ìdíje bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ibẹ̀ ni àwọn kóòṣì yunifásítì ti máa ń wá wo ọmọ. Òfin NCAA, àjọ tí ó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kò gbà kí kóòṣì bá ọmọ sọ ọ́ lójúkojú pé òun fẹ́ mú un títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí ọmọ bá parí kíláàsì kẹwàá, ṣùgbọ́n ojú wọn ti máa ń wà lára àwọn ọmọ tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Láti 2025, yunifásítì tí ó bá tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun tí ó jẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún àwọn eléré ìdárayá kò gbọdọ̀ ní ju agbábọ́ọ̀lù obìnrin 28 lọ. Òbí tí ó bá ro gbogbo èyí pọ̀ á fẹ́ kí ọmọ òun ti wà lójú ọ̀nà láti ọmọ ọdún 11. Mo wà lára irú òbí bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹwàá 2013 ni mo bí i. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ọdún ìbí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, kí ó lè bá bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí nínú ìdíje àgbáyé mu. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kìíní 2013 fi oṣù mẹ́sàn-án ju ọmọ mi lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Láàárín àgbàlagbà, oṣù mẹ́sàn-án kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹsẹ̀ ẹnìkan ti lè gbá bọ́ọ̀lù la pápá já nígbà tí ti ẹnìkejì kò tíì ràn án lọ́wọ́. Ọmọ mi ní ojú inú. Ó máa ń rí àyè kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èjìká bá ti kan èjìká, òun ni ó máa ń ṣubú. Fún ọdún mẹ́ta léra wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, pé ọgbọ́n rẹ̀ dára, kí ó wá agbára kún un, ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n sì ń fi í sí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ní kí ó máa jẹun dáadáa, mo ní kí ó máa fo okùn láràárọ̀ kí ó tó lọ sílé-ìwé. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé mo ń bá ọmọ wí lórí oṣù tí èmi fúnra mi bí i.

Ní 2025, US Youth Soccer, US Club Soccer àti AYSO, àwọn àjọ tí ń ṣètò bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́, kéde pé láti àsìkò 2026–27, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni kíka ọjọ́ orí yóò máa bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa parí ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, kí àwọn tí ó jọ wà ní kíláàsì kan náà lè jọ wà lórí pápá. Ìdí gidi wà fún un. Lábẹ́ ètò àtijọ́, àwọn ọmọ kan máa ń wà ní kíláàsì kẹjọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti wọ kíláàsì kẹsàn-án, tí wọ́n ti lọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé gíga wọn, àwọn tí ó kù lẹ́yìn kì í sì í rí ẹni bá gbá a ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé.

Bí wọ́n ṣe yí kàlẹ́ńdà padà báyìí ni ọmọ mi, tí ó wà lára àwọn tí ó kéré jù, di ara àwọn àgbà. Àwọn tí wọ́n bí láàárín oṣù Kẹjọ 2013 àti oṣù Keje 2014 ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọn, ó sì tún ń ṣe U13, ìpele àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 13 lọ, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ ìdánwò yẹn, mo rí i tí ó fi èjìká ti ọmọ kan, tí ọmọ náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀lù. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn aago 10, ímeèlì dé pé ó ti wọ ẹgbẹ́ kìíní, kí a san owó àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 48.

Ariwo ayọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ aṣọ́lé ni. Oṣù Kẹta 2013 ni wọ́n bí ọmọ yẹn, òun ni ó sì ti ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ kìíní láti ọmọ ọdún 9. Ètò tuntun gbé e lọ sí U14, láàárín àwọn tí wọ́n bí láti oṣù Kẹjọ 2012. Kò sí àyè tí ó há tó ti aṣọ́lé. Ọmọ tí kò bá ráyè ní àárín, wọ́n lè fi í sí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni í dúró sẹ́nu ilé. Ọmọ méjì tí ó ga jù ú lọ ni wọ́n mú. Ó ń ka ímeèlì tirẹ̀ fún ọmọ mi, mo sì ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àyè wà nínú ẹgbẹ́ kejì, wọ́n ní kí ó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ìlà mẹ́ta péré, fún ọmọ tí ó ti ń ṣọ́lé fún wọn láti ọmọ ọdún 9! Kóòṣì tí ó mọ orúkọ àbúrò rẹ̀ kò tilẹ̀ pè é.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ọmọ yẹn wá kéré sí i mọ́jú ni?” N kò rí èsì fọ̀ fún wọn.

Àwọn olùwádìí ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, Roger Barnsley ṣàkíyèsí ní Kánádà pé àwọn tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ láàárín àwọn tí ó gbókè nínú họ́kì orí yìnyín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti David Mann àti Pleun van Ginneken, tí ó jáde ní 2017. Wọ́n ní kí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ṣíṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo àwọn ọmọdé tí ń gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó. Àwọn tí a kò sọ ọjọ́ orí ọmọ fún gbé àwọn tí ó dàgbà lékè. Àwọn tí a kọ ọjọ́ ìbí fún lórí ìwé ṣe bẹ́ẹ̀ náà, mímọ̀ ọ́n kò sì yí ìdájọ́ wọn padà. Ìgbà tí wọ́n fi nọ́ńbà ara aṣọ to àwọn ọmọ tẹ̀lé ọjọ́ orí, láti orí àgbà dé orí ẹni tí ó kéré jù, ni ojúsàájú náà tó kúrò.

Bébà 47 yẹn ṣì wà lára fìríìjì wa, nítorí pé ọmọ mi kò gbà kí a sọ ọ́ nù. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ fún kóòṣì ni pé a pẹ́ lójú ọ̀nà. Ká ní ọjọ́ orí ni wọ́n fi to nọ́ńbà ni, ọmọ mi ì bá gba bíi 10, ọmọ tí ó fi èjìká tì ì bá gba 50 ó lé, ẹni tí ó ń wò wọ́n ì bá sì rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àgbà ni ó ti ọmọdé. Mo mọ̀ pé àyè tí ọmọ mi rí gbà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì kí n tó kọ lẹ́tà sí olùdarí ẹgbẹ́, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ọmọ mi ni ètò yìí ṣe láǹfààní lọ́dún yìí. Ohun méjì ni mo béèrè: kí wọ́n fi ọjọ́ orí to nọ́ńbà ní ìdánwò tó ń bọ̀, kí kóòṣì sì fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọmọ tí ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ímeèlì tó lọ. Olùdarí fèsì pé àwọn yóò jíròrò rẹ̀, mo sì ti sọ fún un pé n ó tún kọ̀wé bí oṣù yìí bá parí.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí pápá ilé-ìwé tí ó wà nítòsí wa. Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń mú un, ó sì ń ka iye tí ó mú jáde lẹ́nu. Ó ti dé 31 kí ilẹ̀ tó ṣú tí mo fi pè wọ́n.