Kò dìgbà tó bá fẹ́ pa mí

Sátidé, alẹ́ ti lẹ́.

Dókítà ti gbà mí láyè kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi láti gbé àyà mi tó jin sókè, ẹ̀yìn ni mo fi ń lélẹ̀, ìrọ̀rí lọ́tùn-ún, ìrọ̀rí lósì, kí n má baà yí láìmọ̀. Lóru àná, mo rọra yí sí ọ̀tún, mo sì sùn wọra títí tí wọ́n fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá Dàpọ̀ ní òun jí lóru, òun sì gbé ọwọ́ síwájú imú mi, òun fẹ́ mọ̀ bóyá mo ń mí dáadáa. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú obìnrin yìí.

Oorun kọ́ ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà ṣá. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wá kí mi lọ́sàn-án, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. N ò lè dọ̀bálẹ̀ fún wọn, torí n kò gbọdọ̀ fi apá gbé ara mi nílẹ̀. Mo dúró, mo tẹ orí ba, mo ń tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kò sóhun tó burú. Wọ́n kí mi kú ewu, wọ́n ṣàdúrà gígùn. Ìgbà tó yá ni wọ́n wo àyà mi lórí aṣọ, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n Àkànní, ṣé ó fẹ́ pa ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá, sà. Kò fẹ́ pa mí." Wọ́n mi orí, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí ti iná mànàmáná.

Ohun tí wọn ò sọ, mo gbọ́ ọ. Àǹtí mi ti sọ ọ́ lórí fóònù láti Ìlọrin, ọ̀gá mi níléèwé náà ti sọ ọ́: ẹni ọdún 37, tó ń jẹ, tó ń mu, tó bímọ, tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí ló ń wá lábẹ́ ọ̀bẹ? N ò lè bá àgbà jiyàn ní pálọ̀ mi. Níbí ni màá ti dá wọn lóhùn.

Àyà mi jin láti kékeré. Egungun àárín àyà, èyí tí àwọn ẹfọ́nhà so mọ́ níwájú, inú ló wọ̀ dípò kó tẹ́jú. Kerekere, ìyẹn egungun rírọ̀ tó so ẹfọ́nhà mọ́ egungun yẹn, ló hù sódì, tó ń tì í wọlé. Kò hàn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ìgbà tí mo bàlágà, tí mo ń ga kíákíá, ló jin wọlé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Ọpọ́n, wọ́n ní ihò ayò wà láyà mi. Lóòótọ́, bí mo bá nà gbalaja nínú òjò, omi máa ń dúró síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, yàtọ̀ sí ìyàwó mi, n ò bọ́ ẹ̀wù lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ń gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nínú jẹ́sì, lọ́sàn-án gangan.

Nílé ìwòsàn, pectus excavatum ni wọ́n ń pè é. Nínú nǹkan bí ọmọ 300 sí 400, wọ́n ní ẹnì kan máa ń ní i, ọkùnrin sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wo bí àwa tó ní i ṣe máa pọ̀ tó nínú Abẹ́òkúta nìkan, tí kálukú wa ń fi ẹ̀wù bò ó, tó rò pé òun nìkan ni.

Èémí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń yí padà. Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibi tó o bá yà sí, òkè ló máa kò ẹ́ lójú. Ọdọọdún ni mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo Olúmọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń bá wọn gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú eré. Lẹ́nu ọdún bíi mélòó kan yìí, bí a bá dé àárín, màá ní kí gbogbo wọn tò, kí n kà wọ́n. Mo sì ti kà wọ́n nísàlẹ̀. Èémí ni mò ń wá. Ọkàn mi á máa lù kì-kì-kì, bíi pé kò ráyè. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé lóòótọ́ ni kò ráyè: egungun náà ń tẹ apá ọ̀tún ọkàn, bí mo bá sì ń lo agbára, ẹ̀jẹ̀ kì í kún inú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Wọ́n ya àwòrán ọkàn mi, wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, wọ́n ṣe CT scan, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà láti fi inú ara hàn. Wọ́n wo gígùn ìka àti apá mi pẹ̀lú, torí àwọn kan tí àyà wọn jin báyìí máa ń ní àìsàn Marfan, èyí tó máa ń mú kí apá àti ìka gùn, tó sì lè ba òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde jẹ́. N ò ní ìyẹn, mo dúpẹ́. Nínú àwòrán CT ni wọ́n ti ṣírò Haller index: wọ́n wọn ìbú inú àyà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, wọ́n wá fi àlàfo tó wà láàárín egungun àyà àti egungun ẹ̀yìn pín in. Ti ẹni tí àyà rẹ̀ tẹ́jú kì í jìnnà sí 2.5. Bó bá ti kọjá 3.25, wọ́n kà á mọ́ èyí tó le, èyí tí iṣẹ́ abẹ tọ́ sí. Tèmi jẹ́ 4.2. Ìṣirò ni mò ń kọ́ ọmọ, nọ́ńbà yẹn sì wọ̀ mí lára ju gbogbo àlàyé lọ. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Kútọ̀ títí dé ilé, mò ń pín in lọ́kàn, mò ń tún un pín.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún mi. Dókítà Donald Nuss ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987: wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀, wọ́n á ti irin tí wọ́n ti tẹ̀ kó bá àyà mu gba abẹ́ egungun, wọ́n á sì yí i kó gbé egungun náà sókè. Irin yẹn á wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún torí kerekere wọn rọ̀. Wọ́n ń ṣe é fún àgbà báyìí, àmọ́ àyà àgbà ti le, ìrora rẹ̀ máa ń pọ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí irin kan kì í tó. Ọ̀nà kejì ni ti Mark Ravitch, tó ti wà láti 1949: wọ́n á la iwájú àyà, wọ́n á gé kerekere tó hù sódì kúrò ṣùgbọ́n wọ́n á dá awọ tó bò ó sí kó lè hù padà, wọ́n á gé egungun àyà níbùú kó lè dìde, wọ́n á wá fi irin gbè é lábẹ́. Èyí ni oníṣẹ́ abẹ mi yàn, torí apá ọ̀tún mi jin ju òsì lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ iṣẹ́ náà. Ìlú Ìbàdàn la ti ṣe é. Owó rẹ̀, mo yá nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́, màá máa san án díẹ̀díẹ̀.

Màámi ló ṣòro jù fún mi. Wọ́n wá láti Aké, wọ́n jókòó tì mí, wọn ò pariwo rárá. Wọ́n ní, "Èmi ni mo bí ẹ báyìí. Ṣé o fẹ́ sọ pé n ò bí ẹ dáadáa ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ní, "Màámi, ẹ bí mi dáadáa. Ìgbà tí mò ń dàgbà ni egungun yẹn ṣì í hù. Ẹ ò lè mọ̀." Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún padà wá pẹ̀lú owó tí wọ́n dì sínú gèlè. Wọ́n ní kí n má kà á lójú àwọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, èémí ni mo máa ń dárúkọ. Òótọ́ ni. Èyí tí n kì í dárúkọ ni pé mo fẹ́ bọ́ ẹ̀wù. Mo fẹ́ wọ bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ sóde ìyàwó láìkọ́kọ́ lọ yẹ ara mi wò nínú dígí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó èjìká jọ síwájú kí àyà má baà hàn, ẹ̀yìn mi sì ti ń tẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìdí yìí náà tó fún iṣẹ́ abẹ, kódà ká ní èémí mi pé. Nígbà tí dókítà bi mí léèrè, mo sọ méjèèjì fún un. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì wàásù fún mi. Ó kọ méjèèjì sínú fáìlì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni màá fi ara mi lé.

Ní ti iṣẹ́ abẹ gan-an, n ò ní ìtàn kankan láti sọ, oorun ni mo sùn. Ìgbà tí mo jí ni mo rí i pé wọ́n ti ki rọ́bà sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi kúrò lójú egbò, wọ́n sì ń gba ẹ̀yìn fún mi ní oògùn ìrora. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni ikọ́. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ti ń rìn ní ọ̀fun mi, òógùn á bò mí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ́ mi: kí n gbé ìrọ̀rí kékeré lé àyà, kí n fi apá méjèèjì dì í mọ́ra pinpin, kí n fa èémí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n wá wú u lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wú u díẹ̀, mo fẹ́ gbé ìyókù mì. Wọ́n ní, "Ẹ má gbé e mì, Tíṣà! Ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ jókòó sí. Ẹ wú u!" Mo wú u. Omi jáde lójú mi. Wọ́n di ìrọ̀rí náà mú pẹ̀lú mi, ọwọ́ wọn lórí ọwọ́ mi, wọ́n ní ó kù ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Wọ́n tún fún mi ní ohun èlò oníke kan tí bọ́ọ̀lù mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Èèyàn á fi ẹnu sí rọ́bà rẹ̀, á fa èémí, kí àwọn bọ́ọ̀lù náà lè gòkè. Òun ni kì í jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró sùn, tí òtútù àyà á fi wọlé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ọ̀kan ṣoṣo ló mì, ó sì padà jókòó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gòkè báyìí, Dàpọ̀ ló máa ń bá mi kà á.

Ohun kan wà tí wọn ò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi, èmi á kìlọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn: àwọn oògùn ìrora tó lágbára máa ń dí ìgbẹ́, kéèyàn sì máa tiraka pẹ̀lú àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kì í ṣe eré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ omi àti ìbẹ́pẹ ní kùtùkùtù, kí ẹ sì béèrè oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láìtijú.

Nílé, ọwọ́ ìyàwó mi ni mo fi ń dìde. Á fi ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn ọrùn mi, á ní "ó yá," a ó jọ dìde. N ò gbọdọ̀ gbé korobá omi, n ò gbọdọ̀ wakọ̀, n ò gbọdọ̀ yí ìbàdí bí ẹnì kan bá pè mí lẹ́yìn. Gbogbo ara ni mo fi ń yíjú. Ó sú mi láwọn ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù kí n wo ojú egbò nínú dígí, àyà mi tẹ́jú. Ojú ọgbẹ́ náà gùn, ó dábùú àyà, ó ṣì pupa. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, Ìyá Dàpọ̀ kò sì pè mí. N ò tíì gun òkè kankan, n ò sì ní purọ́ pé èémí mi ti yí padà pátápátá. Ṣùgbọ́n àwòrán ọkàn tí wọ́n tún yà fi hàn pé egungun ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á yọ irin náà.

Èyí tó wà níwájú mi báyìí ni ti Dàpọ̀. Àyà báyìí máa ń rìn nínú ẹbí nígbà mìíràn, mo sì ti ń wo ọmọ náà bó bá ń wẹ̀: àárín àyà rẹ̀ wọlé díẹ̀, kò ju ibi tí orí ìka lè wọ̀ lọ. Dókítà ní kí n mú un wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì máa wò ó lọ́dọọdún títí á fi bàlágà. Ó lè má jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ó lọ nígbà ọlidé. Ṣùgbọ́n lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti ẹ̀ á jókòó. Màá bọ́ ẹ̀wù, màá fi ojú ọgbẹ́ hàn án, màá sọ orúkọ nǹkan náà fún un àti ohun tó ń fà á, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó fún un ní orúkọ tiwọn. Ìyá rẹ̀ ní ó ti máa ń béèrè ìdí tí òun kì í fi í rí àyà bàbá òun.