Oògùn ni, kì í ṣe ọwọ́ ayé

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbóhùn tẹ́lòmíì ò gbọ́, la bá gbé e lọ sílé ìwòsàn kan níbí ní Ìkòròdú. Wọ́n fún un ní haloperidol, oògùn tí wọ́n ń lò fún irú àìsàn ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ó rí oorun sùn, gbogbo wa ń dúpẹ́.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kejì tí ọrùn rẹ̀ yí sápá òsì, tó le gbagidi, ojú ká sókè, ahọ́n ń yọ síta, itọ́ ń dà sáyà. Ó dá gbogbo wa mọ̀ o! Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, kò kàn lè sọ̀rọ̀ ni. Bàbá kan ládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni, ká máa gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Màmá wa ti ń wá gèlè. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fa ọrùn yẹn, ká gbé e padà kíákíá. La bá wọ Márúwá gba Sábó (ẹ ṣáà mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sábó nírọ̀lẹ́).

Abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gún un, kò pẹ́ rárá, ọrùn padà sípò, ó ní òun fẹ́ mu Fanta. Dókítà ní oògùn yẹn máa ń fa iṣan bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá lára ọ̀dọ́kùnrin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Inú bí mi. Ṣé wọn ò lè sọ ọ́ kí wọ́n tó kó o lé wa lọ́wọ́ ni?

Wọ́n ti dín haloperidol yẹn kù, wọ́n fi Artane, oògùn tí kì í jẹ́ kí iṣan fà bẹ́ẹ̀, kún un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà lọ, mo sì ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀.