Òfin ni àbí ìlànà? Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ́fíìsì lọ́yà ní Ìkòròdú, bí oníbàárà bá gbé ìwé ìjọba dé, ẹ má tíì wo iye owó ìtanràn. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìwé náà ti gba agbára.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni òfin ìpínlẹ̀ ti ń wá. L'Ékòó, aṣòfin 40 ló wà níbẹ̀. Wọ́n á ka àbá òfin, wọ́n á dìbò, gómìnà á buwọ́ lù ú. Bí ó bá fi ọjọ́ 30 kọ̀, aṣòfin 27 tó láti sọ ọ́ dòfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Ìlànà ò gba ibẹ̀ yẹn kọjá. Kọmíṣánnà tàbí àjọ kan ló ń gbé e jáde, nítorí pé òfin kan ti fún un láṣẹ. Àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní ti ìlànà, ẹ gbàgbé ìyẹn: bí òfin ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni kó jẹ́ ẹ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kóòtù á wọ́gi lé e.

Ẹ wo ilé tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Ìgbógbó. Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 2010 ló ní ká gbàwé àṣẹ ká tó kọ́lé. Ṣùgbọ́n irú pílàánù tí èèyàn máa mú wá, inú ìlànà ọdún 2019 ni ẹ ti máa bá a. Ìlànà sì ń tètè yí padà, torí kò sí pé à ń dúró de ìdìbò.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìmọ́tótó. Láyé ìgbà yẹn, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, Sábó á dá wáí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rìn. Wọ́n mú obìnrin kan tó jáde lákòókò náà lọ́dún 2013, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Ó gbé e dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́dún 2016, àwọn adájọ́ ní àṣẹ tí gómìnà fẹnu pa kì í ṣe òfin, nítorí pé abala 36(12) ìwé òfin Nàìjíríà ò gbà ká dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn tí kò sí nínú òfin alákọsílẹ̀. Lóṣù kan náà, ìjọba Èkó fòpin sí ìséraẹnimọ́lé ọ̀hún.

Ẹ má wá tìtorí èyí sọ fún oníbàárà pé ìlànà lásán ni, kó má dá wọn lóhùn o. Abala yẹn kan náà ka ìlànà tí òfin bí mọ́ òfin alákọsílẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ mú ìwé ìkìlọ̀ kan wá bá mi: òǹtẹ̀ pupa, iye owó ketekete, kò sí orúkọ òfin kankan. Èsì mi ò gùn: òfin wo, abala wo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, ránṣẹ́ sí wa.