Ewé gbóná, kò jó
Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham, ní London, yọ ẹ̀rọ kékeré kan lálẹ́ àná, èyí tó ń mú ewé gbóná kí èèyàn lè fa oru rẹ̀ símú (vaporizer), wọ́n rọ ewé míńtì gbígbẹ sí i. Mo ń retí kí wọ́n ṣáná sí i, wọn ò ṣáná. Nọ́ńbà 170, ìyẹn ìwọ̀n ooru rẹ̀ ní Celsius, ló yọ lójú ẹ̀rọ náà.

Ooru nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: òróró inú ewé á rú jáde, àmọ́ ewé fúnra rẹ̀ kò ní jó, kò sì ní mú ọ̀dà dúdú inú èéfín sìgá wá.

Wọ́n gbọn èyí tó ṣẹ́kù sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò di eérú! Ó kàn pọ́n rúsúrúsú, òórùn míńtì ṣì ń ta sánsán. Ó sàn ju sìgá wọn àtijọ́ tó ń mú kọ́tìnì rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fa nǹkan kan sínú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?