Ẹ Ra Ọ̀dà Ògiri Yín Pọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi, ara mi ò sì tíì rọ̀ tán. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wo àwòrán pálọ̀ aláwọ̀ teal lórí fóònù, tí ẹ ń dá a rò pé ẹ máa kun tiyín náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ teal dáadáa, gbogbo wa la ti wé e ní gèlè lọ sóde rí, àwọ̀ tó wà láàárín aró àti ewé. Èyí tó dúdú gan-an nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, èyí tó jọ omi ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ebúté nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìkòròdú ni à ń gbé, lójú ọ̀nà Ìgbógbó. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Níwọ̀n bí bàbá wa ò ti sí mọ́, pálọ̀ mi ni ẹbí ní ká ti gba àwọn àna lálejò ní Sátidé. Mo ní tí wọ́n bá máa wọlé mi, kí wọ́n bá a ní mímọ́. Mo pe bọ̀dá tó máa ń bá wa kun ilé. Ó wo pálọ̀ yíká, ó ní, "Àǹtí, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta máa ká a." Èmi náà gbà, torí owó gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ahun ni mo ṣe. Ẹni tó bá ti ra oúnjẹ àlejò rí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tá a ti rà á fọwọ́ ara rẹ̀ po ó. Ó ń da búlúù, ewé àti dúdú sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fi igi rò ó, ó ń fi sára páálí wò, títí ó fi bá ti inú fóònù mi mu. Wọ́n kun ún lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n kun ún lẹ́ẹ̀kejì, ó dára. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kun ún lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dà tán. Ibi tó sì tán sí ni àárín ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ògiri tí àwọn àgbà máa fẹ̀yìn tì. Wọ́n sáré lọ ra gálọ́ọ̀nù kan sí i. Ẹni tó po ti àkọ́kọ́ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló po èyí, ó fojú wọ̀n ọ́n. Nígbà tó ṣì tutù, a ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ọ̀dà olómi kì í fi àwọ̀ rẹ̀ hàn tán àfi tó bá gbẹ.

Ìdájí ọjọ́ Ẹtì, mo jáde síta pálọ̀ láti lọ rẹ ẹ̀wà, mo ṣí kọ́tìnnì. Apá òsì ògiri dúdú bí aró, apá ọ̀tún fà sí ewé bí ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ò tiẹ̀ tọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọwọ́ rólà ṣe ń lọ sókè sódò, bí ààlà ilẹ̀ tí ìdílé méjì ń jà lé lórí. Mo pa iná, mo tún tàn án. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé èmi ni àlejò, ibẹ̀ gan-an lojú mi kọ́kọ́ bà sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ kí ọ̀dà má baà kán sí táìsì, mo sunkún. Ọkọ mi jí, ó wò ó, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ó ń hàn! Ọ̀la ni àwọn èèyàn ń bọ̀, àbúrò mi sì ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí pé kí wọ́n wá wo pálọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Ìgbà yẹn ni màmá wa jáde látinú yàrá. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n wo ògiri náà pẹ́, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìkòkò aró méjì lẹ fi rẹ aṣọ kan." Mo dákẹ́. Wọ́n ní bí a ṣe ń rẹ aṣọ nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni aró rẹ̀ ń dín agbára, àti pé aṣọ tí ẹ bá fẹ́ kó jọra, inú ìkòkò kan náà ni kí ẹ ti rẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

A ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A ra gálọ́ọ̀nù kan sí i, a da àjẹkù mọ́ ọn nínú báàfù ńlá, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ bá wa fi búlúù àti dúdú kún un, wọ́n sì kun gbogbo ògiri yẹn láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀. Fáànù ṣiṣẹ́ dalẹ́. Àwọn àna wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ.

Nítorí náà, ẹ ra ọ̀dà yín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi ẹnu akunlé nìkan ṣe é, ẹ ṣírò ó. Pálọ̀ mi jẹ́ mítà 5 sí mítà 4, ó ga tó mítà 3. Tí ẹ bá yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ara ògiri tó kù tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 46. Lítà kan máa ń kun bíi mítà onígun mẹ́rin 8 sí 10 lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ tó dúdú báyìí sì sábà máa ń gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Lítà 14 sí 17 nìyẹn. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n ní kí n rà, lítà 12 ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 kan ṣoṣo ì bá ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Tí ẹ bá sì rà á pọ̀ tán, ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ohun ńlá kan, kí wọ́n rò ó pọ̀ kí rólà tó kan ògiri. Mo mọ̀ pé ó jọ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n fọwọ́ pò lọ́jọ́ kan náà gan-an lè má jọra. Bó bá sì wá di dandan kí ẹ dúró lọ ra ọ̀dà sí i, kọ̀rọ̀ ni kí ẹ kun ún dé kí ẹ tó dúró. Ògiri tá a tún kùn yẹn ṣókùnkùn díẹ̀ ju mẹ́ta yòókù lọ títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ̀, torí pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára ògiri kan kọ́ ló ń bọ́ sára èkejì.

Àwọn kan máa ní àwọ̀ dúdú ń mú kí ilé kéré. Mi ò gbà. Àjà mi funfun, kọ́tìnnì mi jẹ́ àwọ̀ góòlù, pálọ̀ náà sì tura. Gílóòbù ni kí ẹ ṣọ́: lábẹ́ èyí tó ń tàn yẹ́lò, teal máa ń fà sí ewé, lábẹ́ èyí tó funfun, ó máa ń fà sí aró. Ẹ kun díẹ̀ sára ògiri, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹ tó lọ po gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri náà. Ọ̀pọ̀ ilé wa níhìn-ín lomi ń gba inú búlọ́ọ̀kù gòkè, á gbé iyọ̀ jáde, á gbẹ, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á kù sára ògiri. Lórí kírímù, ẹ lè má rí i. Lórí teal, bí ẹni da èlùbọ́ ni. Ẹ wá ibi tómi ti ń wọlé, kí ẹ dí i ná.

Ọ̀dà tó kù tó bíi lítà mẹ́ta. Mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e pinpin, mo gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn, torí pé àwọn ọmọ ti fi àga ha ògiri níbì kan, inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ni màá ti bù tún un ṣe.