Ẹ má sọ "yes" sí ohun tí ẹ ò gbọ́: ohun tí ojú mi rí ní Grassmarket

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, fídíò náà ṣì ń rìn. Lánàá ni àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Houston fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé èmi kọ́ nìyí. Èmi ni. Èmi ni mo dúró sáàárín ìgboro Edinburgh, okùn wà lọ́rùn mi, ife wà lọ́wọ́ mi, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Kí n tó sọ ohunkóhun, jínjà bíà ló wà nínú ife yẹn. Kò sí ọtí nínú jínjà bíà tí mo mu. Mo ti sọ ọ́ fún Pásítọ̀, mo ti sọ ọ́ fún Màámi, mo tún ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kí gbogbo yín jáde lálẹ́. Tẹ́ ò bá lọ, wọ́n á ní ẹ ń ṣe fújà. Tẹ́ ẹ bá lọ, ilé ọtí ni. Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, obìnrin kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa ló fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ìtàn apànìyàn ju oúnjẹ lọ. Tó bá wà ní ṣíìfù alẹ́, òun ló máa ń gbọ́ lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí wọ́n ṣe sanwó ìrìn kan nìyẹn: amọ̀nà kan á mú yín kiri àwọn ilé ọtí ìlú àtijọ́, ẹ ó máa mu, òun á máa sọ ìtàn àwọn ọ̀daràn ibẹ̀ fún yín. Mo rò pé kò sí aburú níbẹ̀. Ìtàn ṣáà ni, èmi náà sì fẹ́ràn ìtàn.

Ìtàn ọ̀hún dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́. Iwájú ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Deacon Brodie's, ní Lawnmarket, la ti pàdé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo pátákó tó so sókè, ojú méjì ló ní. Lápá kan, ọkùnrin náà wọṣọ bí ọ̀tọ̀kùlú. Lápá kejì, ó fi nǹkan bojú, olè ni. Ọkùnrin kan náà ni. William Brodie ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn olówó, ó ń bá wọn ṣe àgádágodo, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Tó bá wá tún ilẹ̀kùn yín ṣe lọ́sàn-án, á dọ́gbọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ yín mọ́ ìda, á fi ṣe òmíràn, ó di òru kó tó padà wá. Tẹ́tẹ́ ló ń ta, ó sì lálè méjì tí àwọn méjèèjì bímọ fún un. Ní oṣù kẹta 1788, òun àti àwọn mẹ́ta kan fọ́ ọ́fíìsì agbowó-òde ìjọba ní Chessel's Court, pọ́n-ùn 16 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn lọ tú àṣírí. Brodie sá dé Amsterdam, wọ́n mú un padà, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Nítorí pọ́n-ùn 16! Owó tí mo fi ra ráùǹdì kan ṣoṣo, ìyẹn ọtí fún gbogbo wa, lálẹ́ ọjọ́ yẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Amọ̀nà wa ṣàlàyé pé "deacon" tí wọ́n ń pe Brodie kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí ẹgbẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni, bí àwa ṣe máa ń ní bàbá ẹgbẹ́ awakọ̀ tàbí bàbá ẹgbẹ́ télọ̀. Àlàyé náà yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, torí ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti nawọ́ sí mi, ó ń pariwo pé díákónì kan wà láàárín wa o. Òótọ́ kúkú ni. Ọdún tó kọjá ni ìjọ wa yàn mí ní díákónì, mo sì gbé ìrẹsì lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n lè bá mi yọ̀. Amọ̀nà náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti wá ọkọ̀ lọ sílé.

A gba ìtẹ́ òkú Greyfriars kọjá. Wọ́n fi àgò irin bo àwọn sàréè kan níbẹ̀, irin tó nípọn bíi ti géètì ilé wa. Àwọn tó ń jí òkú tà ni wọ́n ń sá fún. Àwọn dókítà tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn nílò òkú, èyí tí òfin gbà wọ́n láyè kò tó, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni Burke àti Hare ti ráyè. Ará Ireland làwọn méjèèjì, West Port ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí Hare àti ìyàwó rẹ̀ fi ń gba àlejò. Ní ìparí 1827, bàbá arúgbó kan kú sílé náà tòun ti gbèsè pọ́n-ùn 4. Wọ́n di èèpo igi sínú pósí, ìyẹn ni wọ́n sin. Òkú gan-an di ọ̀dọ̀ Dókítà Robert Knox, pọ́n-ùn 7 àti ṣílè 10 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Owó yẹn wọ̀ wọ́n lójú. Dípò kí wọ́n máa dúró de ikú, àwọn fúnra wọn di ikú. Ènìyàn 16 ni wọ́n pa láàárín nǹkan bí ọdún kan.

Ibi tí orí mi ti wú nìyí: ọtí ni wọ́n fi ń mú wọn. Wọ́n á pe tálákà wọlé, wọ́n á máa bu wísìkì fún un títí á fi yó, wọ́n á wá dí i nímú dí i lẹ́nu. Kò ní sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, owó á sì pé. Àwa tí à ń gbọ́ èyí, ife wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ẹnì kan ṣì tún ń béèrè pé ta ni ráùǹdì kàn. Wọ́n pa Jamie, ọmọkùnrin kan tí gbogbo ìgboro mọ̀, tó máa ń rìn láìwọ bàtà. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá a mọ̀. Hare jẹ́rìí ta ko ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bọ́. Burke nìkan ni wọ́n yẹgi fún, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1829, wọ́n sì fà á lé àwọn dókítà lọ́wọ́ kí wọ́n la òun náà. Egungun rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì ìlú náà dòní. Knox ńkọ́? Wọn ò bá a ṣẹjọ́. Àwa náà kúkú mọ irú ẹ̀ nílé.

Ó yá, Grassmarket. Òjò ti ń ṣẹ́ wínníwínní nígbà tá a dé iwájú ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní The Last Drop. Grassmarket ni wọ́n ti máa ń yẹgi fún ènìyàn láyé àtijọ́. Ní 1724, wọ́n yẹgi fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Maggie Dickson, wọ́n ń gbé pósí rẹ̀ lọ sí Musselburgh, ló bá jí lójú ọ̀nà. Ó gbáyé pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ilé ọtí kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ká ní ọmọ ilẹ̀ wa ni, à bá ti máa kígbe pé Maggie kò so.

Amọ̀nà náà wojú mi, ó sọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Skọ́tlándì, ẹ mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń yí lẹ́nu wọn. "Wee drop" nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Mo mọ ìyẹn, ọtí ẹ̀kán kan ni. Mo rò pé ó fẹ́ ra nǹkan fún mi, mo sì ti ń múra láti sọ fún un pé jínjà bíà ni mò ń mu. Mo ní "yes". Gbogbo wọn hó yèè.

Àṣé "drop" kan náà ni wọ́n ń pe jíjábọ́ ẹni tí wọ́n yẹgi fún. Orúkọ ilé ọtí yẹn gan-an, ẹ̀fẹ̀ yìí ló ń ṣe, ẹ̀kán ìkẹyìn àti ìjábọ́ ìkẹyìn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè orí mi.

Amọ̀nà náà yọ okùn nínú báàgì. Ó nípọn tó àtàǹpàkò mi, ó ti dúdú níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ó ń rùn bí àkísà tí wọ́n fi ń nu tábìlì ilé ọtí. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gé orí ìka rẹ̀ ló wọ̀, ìka rẹ̀ tutù nini nígbà tó ń ti kókó okùn bọ abẹ́ etí mi òsì. Mo fẹ́ gbé ife sílẹ̀, kò síbi tí n ó gbé e sí. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mi ò rí nǹkan kan sọ, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù lọ. Àyà mi ń já, ojú ń tì mí, ẹ̀rín ló wá jáde lẹ́nu mi. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó fa okùn. Kò fà á le, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fà á. Fóònù bíi mẹ́wàá tàn sí mi lójú. Èmi nìkan ni ènìyàn dúdú láàárín gbogbo wọn, okùn sì wà lọ́rùn mi. Mi ò ní sọ ju báyìí lọ, ẹ ti mọ ìyókù.

Ẹ sì tún gbọ́ o: Díákónì Brodie ni wọ́n fi mí ṣe, wọn ò sì tilẹ̀ yẹgi fún Brodie ní Grassmarket! Mo lọ wò ó nígbà tí mo délé. Wọ́n ti ṣíwọ́ yíyẹgi níbẹ̀ láti 1784. Iwájú ẹ̀wọ̀n Tolbooth lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti pa á. Irọ́ ni wọ́n fi so mí.

Ìyàwó mi ni mo fi fídíò náà hàn, kó lè bá mi dárò. Ẹ̀rín ló bú sí, ó gbé e sórí WhatsApp status rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. (Ó ń kà á, mo mọ̀.) Nígbà tó máa di aago márùn-ún ìdájí, fóònù mi dún láti Iléṣà. Mo rò pé ẹnì kan ti kú ni. Màámi ò kí mi. Wọ́n ní, "Àkànní, ta ló so ọ́? Kí lo jẹ wọ́n?" Wọ́n ní kí n tan iná, kí n bọ́ aṣọ ọrùn mi, kí n gbé ọrùn sún mọ́ fóònù káwọn rí i. Èmi tí mo lé ní ogójì ọdún, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń yí ọrùn sọ́tùn-ún, sósì. Mo ṣàlàyé pé eré ni. Wọ́n ní wọn kì í fi ìyẹn ṣeré. Wọ́n wá ń kígbe, "Ọmọ mi kò so! Ọmọ mi kò so!" Mo kà á, ẹ̀ẹ̀meje. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣe àmín lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n sunkún, èmi náà sì sunkún, ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì náà tún wà níbẹ̀. Báàjì ayẹyẹ ọdún kẹwàá ìjọ wa wà láyà kóòtù mi lálẹ́ yẹn, mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Nínú fídíò, àwòrán Pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Wọ́n pè mí, mo lọ, a sọ̀rọ̀, wọ́n gbà pé jínjà bíà ni. Ó ti tán. Amọ̀nà náà tọrọ àforíjì nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, ọ̀rọ̀ tó yẹ ló sọ. Ìyẹn náà ti tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Ẹ jẹun kúrò nílé, ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ẹ tètè sọ pé ẹ ó máa ra tiyín fúnra yín. Èmi mu jínjà bíà méjì, mo ra ráùǹdì fún ènìyàn mẹ́sàn-án. Ẹ yọ báàjì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn sí yín lọ́rùn, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀, orí "yes" yẹn ló ń padà sí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gbogbo wa la máa ń ṣe é. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò gbọ́. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ò gbọ́. Ojú á tì yín láti béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní "yes". Bí mo ṣe gba ṣíìfù ọjọ́ Kérésìmesì nìyẹn, mo rò pé ọ̀gá mi ń kí mi ni. Bí onígbàjámọ̀ kan ṣe fá irun ojú mi ní Leith nìyẹn. Ọdún mẹ́ta tí mo ti dé ìlú yìí, "yes" ti ná mi lówó ju owó ilé lọ. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì dé yunifásítì. Tiwọn ló yàtọ̀. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kẹrin. Kí wọ́n pè yín ní adití, ó sàn ju kí wọ́n so yín lọ.

Mo ti ń ṣe é báyìí. Lánàá níbi iṣẹ́, màmá kan tí mò ń tọ́jú, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, sọ nǹkan kan sí mi. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Mo ní mi ò gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí sún mọ́ ẹnu wọn, wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹrin. Tíì ni wọ́n ń bèèrè, ṣúgà méjì.